Ìtàn Kétu tí Bàbá Rẹ́mì fẹ́ kọ

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Mo ti parí rẹ̀. Láti òní lọ, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já nígbà tí èèyàn ń kọ nǹkan sínú wíkì wa, ìkànnì ayélujára tí gbogbo wa ń kọ ìtàn ìlú wa sí, ohun tó kọ kò ní sọnù mọ́. Inú mi ì bá dùn.

Bàbá Rẹ́mì, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní àdúgbò Gbégamey, ló kọ́kọ́ fi àléébù yìí tó mi létí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kọ bí àwọn èèyàn ìyá wọn ṣe kúrò ní Kétu, ẹ̀ẹ̀mẹta ló pòórá. Wọ́n á pè mí: "Ọmọ mi, ó tún ti gbé e mì o. Kò burú, mà á tún un kọ." Èmi á bẹ̀ wọ́n, mà á sì padà sídìí àwọ̀ bọ́tìnnì ojú wíkì tí mò ń yí padà, torí ìyẹn rọrùn láti tún ṣe. Ọdún méjì gbáko.

Lónìí, mo gun ọ̀kadà sẹ́míjàn lọ fi hàn wọ́n. Mo kọ gbólóhùn kan sórí fóònù, mo pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo tún un tan. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀.

"Bàbá, ó ti dára. Ẹ wá kọ ọ̀rọ̀ Kétu yẹn."

Wọ́n wo fóònù náà pẹ́. "Kétu. Kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?"

Rẹ́mì, ọmọ wọn obìnrin, ní ó ti tó oṣù mẹ́rin tí ìgbàgbé ti ń ṣe bàbá òun. Wọn ò rántí orúkọ ìyá wọn mọ́.

Nínú àkọsílẹ̀ wíkì wa, a máa ń kọ orúkọ ẹni tó rí àléébù sábẹ́ àtúnṣe rẹ̀. Mo kọ tiwọn. Mo rí i pé mo ti kọ "àtúnṣe kékeré" sókè rẹ̀, bí ìṣe mi. Mo pa "kékeré" rẹ́.

Ojú ìwé Kétu ṣì ṣófo.