Ṣé Ó Yí?

Kútọnu, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú

Ọkọ̀ onídísẹ́ẹ̀lì tí òyìnbó Faransé yẹn tà fún mi kó tó wọkọ̀ òkun lọ sílé tún ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Èéfín funfun ń yọ. Mo sì ti fẹ́ fi lọ wo Ìyá Sàfú ní Àjàṣẹ́ lónìí. Ó ní òun lọ bá Sàfú ọmọ wa wẹ ọmọ tuntun. Ọmọ náà ti ń rìn báyìí.

Mo gbé sípánà. Páìpù epo mẹ́rin ló wọnú ẹ́ńjìnnì náà. Èèyàn á máa tú nọ́ọ̀tì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí, ara ibẹ̀ le. Bí kò bá yí, ibẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Ariwo kì í jẹ́ kí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ gbọ́ dáadáa. Ìyá Sàfú ló máa ń jókòó sínú ọkọ̀ bá mi gbọ́ ọ. Etí rẹ̀ mú ju tèmi lọ, ó sì máa ń fi ṣe fáàrí.

Mo tú ìkíní, mo tú ìkejì. Bí mo ṣe tú ìkẹta, ó kàn já bọ́ lẹ́nu mi: "Ìyá Sàfú, ṣé ó yí?"

Èmi òmùgọ̀.

"Kò yí o!"

Obìnrin Ègùn tó ń ránṣọ lẹ́yìn ògiri ni. Ẹ káàárọ̀ nìkan ló máa ń pa wá pọ̀.

Á jẹ́ pé ìkẹta ló ń ṣàìsàn. Ohun tí mo ń wá nìyẹn. Mo dè é padà, mo nu ọwọ́.

Mo tún tú ìkẹrin. "Ṣé ó yí?"

"Ó yí o, Bàbá Sàfú!"

Mo tún padà sí ìkíní, mi ò sì pa ẹ́ńjìnnì náà títí ilẹ̀ fi ṣú.