Ọṣẹ Tí Kò Hó

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Ara mi le kokoko, mo sì ti di ọ̀gá níbí. Àwọn mẹ́ta tí a jọ wá ta ọṣẹ fún ilé-iṣẹ́ wa ti lọ sinmi nílé, èmi nìkan ni mo ni gbogbo ọ́fíìsì. Èmi náà ni mo ń gbá a.

Ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí. Odidi oṣù mẹ́jọ la fi polówó ọṣẹ ní ìlú kékeré yìí. Àwọn ará ìlú á kí wa tẹ̀ríntẹ̀rín, wọn ò sì ní rà á. Lọ́jọ́ Ẹtì, màmá arúgbó tó ni ṣọ́ọ̀bù òdìkejì wọlé, ó ní kí n bu omi ẹ̀rọ sínú abọ́. Ó fi ọṣẹ wa fọwọ́ títí, kò hó rárá.

"Omi ìlú wa kì í jẹ́ kí irú ọṣẹ yìí hó, ọmọ mi."

Ẹnu yà mí. "Màmá, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa?"

"Ẹ ò bi wá. Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ṣáá ni."

Àlejò lójú lóòótọ́, kò fi ríran! Obìnrin yìí mọ omi àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ó mọ ọmọ tí ọṣẹ máa ń yún lára. Ìwé ìwádìí tiwa nípọn bí bíríkì, kò sí ìkankan nínú nǹkan wọ̀nyí níbẹ̀. Ẹ̀rù ọgbọ́n rẹ̀ bà mí. Mo ti kọ̀wé sáwọn ọ̀gá. Wọn ò tíì fèsì, iṣẹ́ ló pọ̀ fún wọn.

Ẹ bá mi kí Bàbá àtàwọn àbúrò mi. Bí ẹ bá pàdé àwọn mẹ́ta yẹn, ẹ kí wọn dáadáa, àmọ́ ẹ má bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí wọ́n máa padà síbí.

Èmi ni, àkọ́bí yín.