Àkèré Onírọ́bà Bàbá Wa

Ilé Bàbá,
Ọ̀nà Etí Adágún,
Pruitt Landing, Alabama.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Keje, 2019.

Bùrọ̀dá Thurman mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Detroit? Ìyàwó yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti san? Ara Bàbá le, àfi etí tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́. Ooru ibí kò ṣeé fẹnu sọ. Abẹ́ ilé ni ajá ń sùn.

Mo rí lẹ́tà yín gbà, èyí tí ẹ ti ní ká ta ọkọ̀ ojú omi Bàbá, torí ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin kì í ṣe ọmọdé. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ rà á, ọ̀la ló yẹ kó wá. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi ní kí n bá òun lọ sójú adágún lánàá, kí òun lè kí ọkọ̀ náà pé ó dàbọ̀.

A ti wà lórí omi kí oòrùn tó yọ, bíi ti àtijọ́. Ẹ ò ní gbàgbé: nígbà ooru, àárọ̀ kùtù ni ẹja báàsì ń jẹun lókè omi, láàárín òṣíbàtà. Tó bá di ọ̀sán, ó ti sá sábẹ́ òjìji afárá onípákó, ekòló onírọ́bà tá a bá rọra wọ́ nísàlẹ̀ nìkan ló lè fà á jáde. Ẹ rántí bá a ṣe máa ń jà torí àyè iwájú ọkọ̀, tí Màmá á ti di búrẹ́dì àgbàdo gbígbóná sínú aṣọ fún wa? Àárò ìgbà yẹn sọ mí gan-an, Bùrọ̀dá.

Àkèré onírọ́bà yẹn, ìjẹ oníwọ̀ tá a fi ń tan ẹja, ni Bàbá so mọ́ okùn, èyí tẹ́ ẹ lò níbi ìdíje ẹja pípa ìjọ wa lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ó jù ú sórí òṣíbàtà, ó ń mú un fò díẹ̀díẹ̀. Lójijì, omi ró gbàù! Ẹ mọ òfin rẹ̀: èèyàn kò gbọdọ̀ fa okùn àfi tó bá mọ̀ ọ́n lára pé ẹja ti wúwo lọ́wọ́ òun. Bàbá tó kọ́ wa lófin yìí kò dúró rárá, ó fà á tagbáratagbára. Àkèré fò jáde lẹ́nu ẹja, ó há mọ́ fìlà rẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi ń mì. “Bàbá, ọwọ́ yín mà yá o!”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí fìlà, ó ń wo àkèré náà.

“Ohun tí mo sọ sí Thurman lójú gbogbo ìjọ nìyẹn, nígbà tó kánjú fa okùn tí ẹja fi bọ́. Mo ní ọwọ́ ẹ̀ yá ju ọpọlọ ẹ̀ lọ. Mo tún ní kò gbọdọ̀ wọkọ̀ mi mọ́.”

“Bẹ́ẹ̀ lẹ sọ, sà.”

“Torí ẹja, Wynona! Ẹja tá a ṣì máa padà jù sómi náà ni!”

Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò rí irú ẹ̀ látìgbà tá a ti sin Màmá. Nígbà tí mo fẹ́ lọ jókòó síwájú ká lè máa lọ sílé, ó pariwo mọ́ mi: “Kúrò níbẹ̀! Àyè Thurman nìyẹn.”

Mo ti sọ fún oníbàárà náà pé kó má wulẹ̀ yọra ẹ̀ lẹ́nu. Ẹ bínú sí mi tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ẹ bá mi kí Idella ìyàwó yín, ẹ gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi.

Àkèré náà ló wà nínú àpòòwé yìí. Kò ní gún yín lọ́wọ́, Bàbá ti yọ ìwọ̀ rẹ̀. Àpò ẹ̀wù rẹ̀ ló fi ìwọ̀ náà sí, ó ní kẹ́ ẹ wá gbà á fúnra yín.

Èmi ni àbúrò yín tó ń wo ọ̀nà,
Wynona.