Èmi ni mo pa màlúù bàbá mi, Bello ni wọ́n ń lé

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ mi síta. Èmi ni mo pa màlúù bàbá mi... mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹlòmíì ni wọ́n sì ń dá lẹ́bi. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ kan báyìí.

Ìlọrà nilé wa. Màlúù méje ni bàbá mi ní, wọ́n wà lọ́dọ̀ Bello nínú igbó ọ̀nà Fìdítì. Fúlàní ni Bello, ṣùgbọ́n ibí ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ bá bàbá mi sìn wọ́n, ìgbà tó kú ni Bello gbà á. Òun ló ń dà wọ́n, ṣùgbọ́n tó bá kan iyọ̀, bàbá mi kì í jẹ́ kí ẹlòmíì fún wọn. Gbogbo Sátidé ni wọ́n máa ń po iyọ̀ mọ́ kánún tí wọ́n á gbé e lọ fúnra wọn, wọ́n ní ẹni tó ń fún màlúù níyọ̀ ni màlúù ń pè ní baba.

BP wọn ló wá ga, ó gbé wọn dé ọsibítù lóṣù tó kọjá, dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ rìn jìnnà, nǹkan kan ò sì gbọdọ̀ bà wọ́n lọ́kàn jẹ́. Bí iyọ̀ ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì mi ò lọ rárá, mo ń sọ pé màá lọ, màá lọ, èmi àti ọ̀lẹ mi. Sátidé tí mo wá lọ, iyọ̀ tó kù ò tó nǹkan. Mo rí àpò ìrẹsì míì ní kọ̀rọ̀ yàrá ẹrù, nǹkan funfun wóró wóró ló wà nínú ẹ̀, mi ò tọ́ ọ wò, mi ò bi ẹnikẹ́ni, mo bù ú kún iyọ̀. Ajílẹ̀ ni o. Ajílẹ̀ funfun tí bàbá mi ń fi sídìí àgbàdo...

Ṣé kí n sọ bí àwọn màlúù yẹn ṣe sáré pàdé mi? Ebi iyọ̀ ti ń pa wọ́n, wọ́n ń tira wọn nídìí taya ọkọ̀ tí wọ́n gé fi ṣe ọpọ́n iyọ̀ wọn, tí mo dà á sí, mo tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì pẹ́ nílé tí Bello pè mí. Ikùn wọn wú, itọ́ funfun ń dà lẹ́nu wọn, kí ọ̀kadà tó gbé mi débẹ̀, mẹ́ta ti kú. Bello ti gbóòórùn èyí tó kù nínú taya. Ó wò mí. Ó kó o dànù, ó fọ taya náà fúnra ẹ̀, ó wá ní, "Má sọ fún Bàbá o. Ara wọn ò lè gbà á."

Mo dákẹ́. Mo rò pé ó máa lọ bẹ́ẹ̀ ni... àfi bí bàbá mi ṣe ní Bello ló da màlúù òun wọ oko tí wọ́n fín oògùn koríko sí, pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Wọn ò ronú kan iyọ̀ rárá, torí ilé wa ni iyọ̀ ti wá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti kó èèyàn lọ bá a, wọ́n ní kó kúrò lórí ilẹ̀ wa kó tó di Fúráìdè, òun àti ìyàwó ẹ̀ tó lóyún oṣù mẹ́jọ. Ó ti ń tú ilé ẹ̀. Mo ní kó sọ òótọ́ fún wọn, kó má baà jẹ́ pé ẹnu tèmi ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ. Ó mi orí.

Tí mo bá sọ ọ́, tí bàbá mi bá ṣubú ńkọ́? Tí mo bá dákẹ́, níbo ló fẹ́ gbé aláboyún lọ? Ibí ni wọ́n sin bàbá ẹ̀ sí o... Apá mi ò ká a mọ́, ẹ̀rù ń bà mí. Láràárọ̀ ni bàbá mi ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run tú àṣírí ẹni tó pa màlúù òun, gbogbo ilé á ṣe àmín, tèmi ló ń dún jù. Ẹ̀yin tí ẹ jù mí lọ, kí ni kí n ṣe? Lọ́la, èmi ló kàn láti darí àdúrà. Ẹ gbà mí o, kí ni kí n ní kí Ọlọ́run ṣe?