Nọ́mbà Tí Mo Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ yín níbẹ̀ kò ní sùn. Àwa náà ń bẹ láàyè, ọpẹ́ ni. Ìyá rẹ ń kí ọ, ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ti dárí jì mí, ìdí rẹ̀ ni mo sì fẹ́ kọ báyìí.

Mo dúpẹ́ fún ẹ̀rọ kékeré tí o fi ránṣẹ́ pé kí n máa fi wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi, àti fọ́ọ̀mù tí o ní kí n máa kọ nọ́mbà rẹ̀ sí láràárọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo gún ìka mi, nọ́mbà tó jáde fò mí láyà. Mo ní irú ìròyìn wo ni n ó fi ránṣẹ́ sí ọmọ tó náwó nára báyìí? Ni mo bá pe ìyá rẹ, mo gún ìka tirẹ̀, tirẹ̀ dára, òun ni mo kọ sílẹ̀. Má bínú o. Mo ka fọ́ọ̀mù yẹn látòkè délẹ̀, kò síbi tó ti béèrè pé ẹ̀jẹ̀ ta ni. Àti pé láti ogójì ọdún ni wọ́n ti so wá pọ̀, tí wọ́n ní a ti di ara kan. Oṣù méjì gbáko ni ìyá rẹ fi ń na ìka sí mi kó tó mumi láàárọ̀, tó ń ráhùn.

Àmọ́ bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ìṣó gún mi lẹ́sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kò tiẹ̀ dùn mí, mo ń yangàn pé àgbà káfíńtà ni mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọgbẹ́ kò jiná, ẹsẹ̀ wú, ó ń rùn. Nígbà tí mo dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì wo fọ́ọ̀mù, ó wo ẹsẹ̀, ó ní ìwé yìí dára ju ẹsẹ̀ yìí lọ. Ló bá gún ìka mi fúnra rẹ̀. Ojú tì mí. Ó ní ká ní mo tún pẹ́ lọ́sẹ̀ kan sí i ni, gígé ni wọn ì bá gé e.

Ó ní inú ẹ̀jẹ̀ ni àwọn sójà tó ń bá kòkòrò àrùn jà wà, pé tí ṣúgà bá ti pọ̀ jù, wọn kì í tètè dé ojú ọgbẹ́, ìjà wọn kì í sì í múná. Ó ní ti àgbà tún le sí i, torí ọjọ́ orí ti kọ́kọ́ sọ wọ́n di ọ̀lẹ. Mo bi í bóyá a lè fún wọn lówó ìfẹ̀yìntì, ká gba àwọn ọ̀dọ́ síṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní oògùn, ìjẹun tó níwọ̀n àti nọ́mbà òtítọ́ ló lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó tún fún mi ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó ní òtútù lásán lè dá àgbà tó ní àtọ̀gbẹ dùbúlẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúpẹ́ jù lọ lọ́wọ́ ìyá rẹ, tó ń fi ìka tí mo ti gún di ajere wẹ ọgbẹ́ náà fún mi lójoojúmọ́. Ó ti ń jiná.

Bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, àti abẹ́rẹ́ tí a fi ń gún ìka, torí ara ìyá rẹ ni mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo tiwa tán sí. O ò ní tọ́jú wa lásán. Ọmọ tìrẹ náà á tọ́jú rẹ, ojú rẹ á rí i, ẹnu rẹ á jẹ ẹ́.

Mo fi fọ́ọ̀mù tuntun sínú lẹ́tà yìí. Nọ́mbà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ti àárọ̀ òní. Kò dára, inú rẹ ò ní dùn sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ ni.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, ẹlẹ́sẹ̀ méjì.