Kẹ́ẹ̀gì Ìtọ̀ Bàbá Yín

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Dókítà ní kí bàbá yín tún gba ìtọ̀ wọn sínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́ẹ̀kejì, èmi ni mo sì fà á. Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé ara àwọn ọmọ le? Ọlọ́run má jẹ́ kó rẹ̀ ọ́ bó ṣe rẹ̀ mí yìí.

O mọ̀ pé ẹsẹ̀ wọn ń wú. Dókítà náà, ọmọbìnrin kékeré kan tó máa ń rẹ́rìn-ín, ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kíndìnrín ni, pé òun ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ó ní méjì ni, lẹ́yìn, lókè ìbàdí, gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara ló ń gba ibẹ̀ kọjá lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́, wọ́n á yọ ìdọ̀tí inú rẹ̀, wọ́n á sì pinnu omi tí ara máa dá dúró àti èyí tó máa dà nù. Téèyàn bá mumi púpọ̀, wọ́n á jọ̀wọ́ rẹ̀. Tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, wọ́n á há a mọ́wọ́, ìtọ̀ á wá pọ́n. Mo bi í pé ṣé tọ̀tún ló ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án kí tòsì gbà á lálẹ́. Ó ní àwọn méjèèjì kì í jókòó. Mo ní á jẹ́ pé obìnrin ilé ni wọ́n.

Ó ní òun máa yẹ ìtọ̀ wọn wò, kí èsì tó jáde, ife omi mẹ́rin péré ni kí bàbá yín máa mu lóòjọ́. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì fún wa, pé gbogbo ìtọ̀ wọn láti àárọ̀ kan sí àárọ̀ kejì ni ká dà sí i. Ọmọ mi, kò dé ìdajì. Wọ́n jókòó tì í bí ọmọ iléèwé tí kò mọ ìdáhùn ìdánwò, wọ́n ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ojú á tì mí níwájú ọmọdé yẹn." Àánú wọn ṣe mí. Mo ní ṣebí ara kan náà ni tọkọtaya, ni mo bá lọ sẹ́yìnkùlé, mo fi tèmi kún un dé ọrùn.

Èsì jáde pé kíndìnrín wọn dà bíi ti ọ̀dọ́. Inú wọn dùn, wọ́n ń mumi bó ṣe wù wọ́n. Lọ́jọ́ kẹta, bàtà ò wọ ẹsẹ̀ wọn mọ́, mímí sì di iṣẹ́. Ìgbà yẹn ni mo jẹ́wọ́. Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìtọ̀ mi ti parọ́ fún òun.

Ní báyìí, èmi ni mò ń ṣọ́ ìkòkò omi. Bàbá yín ń bá mi bínú bíi pé èmi ni mo dí kànga. Kẹ́ẹ̀gì kejì ti dé ilé ìwòsàn láàárọ̀ yìí, mi ò fọwọ́ kàn án.

Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ rán awakọ̀ sí wa. Má fi sínú fóònù, ó ti kú láti àná, mi ò fẹ́ kí owó há sínú òkú. Wàá jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, kíndìnrín rẹ á sì bá ọ dọ́jọ́ alẹ́.

Dókítà ní tó bá di Ọjọ́bọ̀, òun á mọ̀ bóyá oògùn á tó bàbá yín, tàbí ẹ̀rọ ni yóò máa bá wọn sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ Ajé la wà yìí.

Ìyá rẹ.