Ìdáhùn Tí Mo Kọ fún Ilé-Iṣẹ́ Ọlọ́ṣẹ

Àkọ́bí mi,

Bí ìwé yìí bá bá ọ lórí ìdúró, wá àga jókòó. Ìlú ńlá kò ní gbé ọ mì, ọ̀nà ibi iṣẹ́ kò ní nà ọ́, ojú kò ní tì ọ́ láéláé. Àbúrò rẹ ń kí ọ. Orúnkún mi náà ń kí ọ, kì í jẹ́ kí n dìde bọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó ń já mi láyà. Ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe ọṣẹ ní àwọn fẹ́ fún àwa oníṣòwò kéékèèké lówó ìrànwọ́ torí ìgbà le, àwọn ò sì ní gbà á padà. Wọ́n ní ká kọ fọ́ọ̀mù. Aránbàtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní òun á bá mi kọ ọ́, mo ní ṣé ó rò pé lásán ni mo kàwé dé kíláàsì kẹta ni. Mo kọ ọ́ fúnra mi. Wọ́n bi mí pé báwo ni iṣẹ́ búrẹ́dì, mo kọ ọ́ pé a dúpẹ́, ó ń lọ dáadáa. Àbí báwo ni ọmọlúàbí ṣe ń dá ẹni tí kò mọ̀ rí lóhùn? Wọ́n ní òṣìṣẹ́ mélòó ni mo ní, mo ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Wọ́n ní èló ni mo fẹ́, mo ní ohunkóhun tó bá ti ọwọ́ yín wá, torí ta ló ń ná ẹ̀bùn bí ẹni ń ná ọjà?

Àfi bí wọ́n ṣe fèsì sórí fóònù mi lánàá. Lẹ́tà rẹ̀ kéré jù lójú mi, aránbàtà ló kà á fún mi: wọ́n ní àwọn bá mi yọ̀, pé ẹni tí nǹkan dẹnu kọlẹ̀ fún ni owó náà wà fún, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ tún ìdáhùn rẹ̀ kọ ní títí di ọjọ́ Jímọ̀. Aránbàtà ti rí tirẹ̀ gbà. Ó kọ ọ́ pé ebi ń pa òun, ẹni tí ikùn rẹ̀ ṣe rọ̀bọ̀tọ̀ bẹ́ẹ̀! Mo ní ṣé ojú ò tì í ni. Ó ní ojú tó ti òun ló ra awọ tuntun tí mo ń wò yẹn.

Ọmọ mi, ààrò búrẹ́dì wa ti là láti ẹnu dé ìdí, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí iná ti wọ inú rẹ̀ kẹ́yìn. Àwọn tó ń po ìyẹ̀fun ṣì ń wá láràárọ̀, wọ́n á nu tábìlì tí kò dọ̀tí, wọ́n á máa wò mí lójú. Bí wọ́n bá fi lè lọ, ilé búrẹ́dì tí mo fi rán ọ nílé ìwé parí nìyẹn.

Jọ̀ọ́, lọ bá wọn ní ọ́fíìsì wọn kó tó di Jímọ̀, bá mi tún un kọ. Èmi ò lè kọ ọ́. Mo mú bírò lẹ́ẹ̀mejì, a dúpẹ́ náà ló tún ń jáde. Má jẹ́ kí wọ́n rò pé alágbe ni mí o. Kó o sì fi owó bíríkì ààrò díẹ̀ ránṣẹ́, kí n to bíríkì náà sẹ́nu ọ̀nà, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè rí i pé iṣẹ́ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ọlọ́run á dá ọ lóhùn kó o tó pè é. Bí o bá tẹ̀ mí láago, má bi mí pé ṣé dáadáa ni. Bi mí pé ṣé ààrò gbóná.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.